Agolo Àgbàdo Kan Nínú Ṣíńṣín Màmá Ìjẹ̀bú

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń wọ aṣọ tó bára mu lọ kí Awùjalẹ̀, tí ẹṣin ń jó, tí ìlù ń dún. Ohun tí aráyé ń rí nìyẹn. Nínú ilé, ọdún ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó so àgbò mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé bàsíà ńlá sílẹ̀, tí wọ́n tú fùláwà sí i, tí ariwo “ẹ wá gé ṣíńṣín” sì gba ilé kan. Àlejò ọdún kì í lóǹkà, ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì pè. Ẹran kò tíì jinná, ìrẹsì ṣì wà lórí iná, ẹni tó wá kí yín kú ọdún kò sì gbọdọ̀ jókòó lásán. Abọ́ ṣíńṣín kan àti ohun mímu tútù ni wọ́n fi ń dá a dúró ná.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ti mọ iṣẹ́ yìí. Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn ló ń pè wọ́n ní Màmá Ìjẹ̀bú, orúkọ náà sì ti mọ́ wọn lára débi pé àwọn ará Ìjẹ̀bú gan-an ti ń fi pè wọ́n. Ẹni tó bá lọ bá wọn ṣọdún yóò gé ṣíńṣín. Wọn ò bìkítà pé o ti gboyè, wọn ò sì bìkítà pé èékánná rẹ gùn. Wọn ò kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé kankan. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, àwọn ọmọ wọn sì ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá wọn kò fi sí i rí, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo, agolo mílíìkì kan. Ẹ wá a nínú gbogbo àlàyé ṣíńṣín tó kún orí YouTube, agbára káká lẹ fi máa rí i. Bí àgbàdo yìí ṣe débẹ̀, àti ìdí tí kò fi kúrò mọ́, ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Kò sì ṣeé ṣàlàyé láìsọ iṣẹ́ tí àwọn tó kù ń ṣe nínú bàsíà náà.

Ṣíńṣín kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Wọ́n ń dín in káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, atchomon ni wọ́n ń pè é. Ghana àti Kamẹrúùnù náà ní tiwọn. Àlìkámà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ṣíńṣín kò bá àádùn àti kókóró ṣẹgbẹ́ ní ti ọjọ́ orí. Fùláwà inú àpò ló gbé e wọlé. Ní ọdún 1962 ni Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá, fùláwà sì wá ń rọrùn sí i láti rí rà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò àti dẹ́ríkà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń jẹ ẹ́ pín sí: àwọn kan fẹ́ kó rọ̀, àwọn kan fẹ́ kó máa ró lẹ́nu. Mi ò ní díbọ́n pé mi ò ní ìhà tí mo wà. Ṣíńṣín tó rọ̀, pọ́fùpọ́fù ni, orúkọ ló kàn yàtọ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, kò ṣeé gbé fún àlejò mọ́. Ti Màmá Ìjẹ̀bú le, ṣùgbọ́n kò le débi tí àgbàlagbà á fi máa bẹ̀rù eyín rẹ̀. Bí eyín bá ti kàn án, fífọ́ ni. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ìrìn àjò ni wọ́n ń dín in fún. Lẹ́yìn àlejò, ọmọ tó ń padà sí ilé ẹ̀kọ́ onílé gbígbé ló ni ìpín tó pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó ń wọ bàálù lọ sí òkè òkun. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú ike láìrọ̀ àti láìrùn. Ẹni tó bá mọ èyí yóò tètè lóye ìdí tí ẹyin fi mọ níwọ̀n nínú rẹ̀, àti ìdí tí bákìn páúdà kò fi ju ìdajì ṣíbí kékeré lọ fún bàsíà kan. Àwọn kan ń da ẹyin mẹ́jọ sí kílò fùláwà kan, wọ́n sì ń yangàn. Kéèkì ni wọ́n ń dín.

Agolo mílíìkì ni òṣùwọ̀n Màmá. Kì í ṣe agolo kan ṣáá. Agolo kan pàtó ni, tí bébà ara rẹ̀ ti ṣí dànù tipẹ́, tí wọ́n ti fi ọmọ ọlọ kan etí ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà géni lọ́wọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi bu omi. Fùláwà agolo mẹ́wàá, àgbàdo agolo kan, ṣúgà agolo kan àbọ̀, bọ́tà agolo kan lé díẹ̀, mílíìkì olómi tó wà nínú agolo kan, ẹyin mẹ́ta, nọ́tímẹ̀gì ẹyọ kan, àti iyọ̀ díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀, mílíìkì gíráàmù 170 ló máa ń wà nínú agolo. Èyí tó wà lọ́jà lónìí kéré sí i, ọ̀pọ̀ ilé ni kò tilẹ̀ ra alágolo mọ́, alápò ni wọ́n ń já. Ẹni tó bá mú agolo tuntun láti fi wọn nǹkan lè rò pé kò séwu, torí pé gbogbo ẹ̀ náà ló jọ dínkù. Ẹyin ò dínkù ní tirẹ̀. Mẹ́ta náà ni wọ́n ń fọ́ sí i, omi inú wọn sì ti wá pọ̀ díẹ̀ ju ohun tí fùláwà fẹ́ mu lọ. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, àmọ́ ó tó láti mú kí ìyẹ̀fun máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó ń pò ó yóò bu fùláwà kún un, yóò tún bù ú, adùn yóò sì máa lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ pé ọwọ́ òun kò dà bíi ti Màmá. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Agolo ni.

Ní ti fùláwà fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ ká mọ̀ ni glúténì. Bí omi bá ti kan fùláwà, tí a sì ń pò ó, àwọn purotéènì kan nínú àlìkámà á so kọ́ ara wọn, wọ́n á sì máa fà bíi rọ́bà. Àwọn oníbúrẹ́dì ń wá èyí lójú méjèèjì, torí pé òun ló ń gba afẹ́fẹ́ mú tí búrẹ́dì fi ń wú. Ẹni tó ń dín ṣíńṣín kò fẹ́ ju ìwọ̀nba lọ nínú rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ẹ ó tẹ́ ìyẹ̀fun náà pẹlẹbẹ tán, ẹ ó gbọ́wọ́ kúrò, yóò sì sún padà lójú yín. Bí ẹ bá wá dín in, yóò le koránkorán, ẹni tó ń jẹ ẹ́ yóò máa fi ẹ̀yìn eyín wá a.

Fùláwà Nàìjíríà sì lágbára dáadáa lọ́nà yìí. Búrẹ́dì ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù tí wọ́n ń fi í ṣe, nítorí náà àlìkámà líle ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń rà, Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti máa ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́lẹ̀. Ìyá tó bá ra fùláwà dẹ́ríkà mẹ́ta lọ́jà láti fi dín ṣíńṣín, fùláwà búrẹ́dì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó kù, ọgbọ́n àtidín agbára yẹn kù ni.

Bọ́tà ló ń ṣáájú. Màjárínì ni ohun tí à ń pè ní bọ́tà lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì burú. Wọ́n gbọ́dọ̀ rà á mọ́ fùláwà nígbà tó ṣì gbẹ, kí mílíìkì tàbí ẹyin tó kàn án. Ọ̀rá yìí yóò bo fùláwà lára, omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní ráyè wọlé bó ṣe fẹ́. Màmá kì í lo ṣíbí. Orí ìka ni wọ́n fi ń rà á, wọn kì í sì í jẹ́ kó kan àtẹ́lẹwọ́, torí pé ooru àtẹ́lẹwọ́ ń yọ́ bọ́tà. Wọ́n á bù ú sókè, wọ́n á fi àtàǹpàkò rà á gba orí ìka mẹ́rin tó kù, á máa já bọ́ sínú bàsíà bí wọ́n ti ń rà á. Tó bá ti ń jọ pé ó kárí, wọ́n á kọjú sí ẹni tó bá wà nítòsí.

“Bù ú, kí o fún un.”

O bu ẹ̀kúnwọ́ kan, o fún un. Ó yẹ kó dì.

“Ó dáa. Fi àtàǹpàkò tì í.”

Ó yẹ kó tú ká lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá dì rárá, bọ́tà kò tíì kárí, ẹ máa rà á lọ. Bó bá dì tó kọ̀ tí kò tú, bọ́tà ti pọ̀ jù nìyẹn, wàhálà rẹ̀ sì ń bọ̀ nínú agbada: òróró yóò máa hó ìfófó, ṣíńṣín yóò sì máa rún sínú rẹ̀. Màmá kì í bínú sí ẹni tó bá ra bọ́tà pẹ́. Ẹni tó bá yára ni wọ́n ń fura sí.

Ẹ̀yìn èyí ni àgbàdo ń wọlé, ìjọba ológun ló sì kọ́ Màmá ní ti àgbàdo. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà. Wọ́n ní kí á máa jẹ ohun tí à ń gbìn, kí owó òkèèrè má sì parẹ́ sórí búrẹ́dì. Òfin náà wà nílẹ̀ títí di ọdún 1992. Láàárín ìgbà náà, búrẹ́dì gbówó lérí, fayàwọ́ sì rí iṣẹ́ ṣe lẹ́nu ibodè. Fùláwà di ohun tí wọ́n ń rọra béèrè iye rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní FIIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè da ìyẹ̀fun ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ fùláwà.

Màmá Ìjẹ̀bú kò ka ìwádìí kankan. Ọdún ń bọ̀, ilé yóò kún, fùláwà ọwọ́ wọn kò sì tó. Wọ́n gbé àgbàdo gbígbẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi agolo mẹ́ta rọ́pò fùláwà agolo mẹ́ta. “Kí n ṣáà ti rí nǹkan gbé síwájú àlejò ni,” bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. “Èmi ò mọ̀ pé ẹ máa wá sọ ọ́ di ogún ìdílé.”

Agolo mẹ́ta pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tẹ́ ìyẹ̀fun náà, etí rẹ̀ á sán. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, á rún. Màmá ń dín in kù lọ́dọọdún títí ó fi ku ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ká òfin náà kúrò, tí fùláwà padà sọ́jà, wọ́n yọ àgbàdo jáde pátápátá, inú wọn sì dùn pé ìyà tán. Àwọn ọmọ ilé ló fàáké kọ́rí. Wọ́n ní ṣíńṣín náà ti yí padà, pé kò ró mọ́, pé ó ń fà lẹ́nu. Agolo kan sì padà sínú bàsíà, kò kúrò mọ́ láti ìgbà náà.

Àwọn ọmọ náà kò purọ́. Àgbàdo kò ní glúténì. Bí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá wọ àárín fùláwà, ó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn purotéènì àlìkámà, wọn ò sì ní lè so kọ́ra wọn bí wọ́n ṣe fẹ́. Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu dípò kó fà. Hóró wínníwínní tó wà nínú ìyẹ̀fun àgbàdo tún ń fi kún ìró rẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbàdo pupa ni, àwọ̀ rẹ̀ tún ń dára sí i, àwọn àlejò á máa rò pé ẹyin ló pọ̀. Àgbàdo gbígbẹ tí a lọ̀ ní gbígbẹ ni o. Ògì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí pé ó ti kan, ìkan náà á sì hàn lẹ́nu. Nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé e jáde lẹ́yìn náà pé kí wọ́n máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sínú fùláwà búrẹ́dì, ẹ̀rín ni Màmá rín. Wọ́n ní ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí àwọn ti wà.

Àbíkẹ́yìn Màmá ń gbé ní Lóńdọ̀nù. Ní ọdún tí kò lè wálé, ó dín tirẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ̀ lé gbogbo ohun tó mọ̀ láti kékeré, àgbàdo náà kò sì gbẹ́yìn. Ló bá pe ìyá rẹ̀ pé ṣíńṣín òun ń rún bí òun ṣe ń gé e, pé èyí tó sì wọ inú òróró fọ́ yángá. Màmá ní kó jẹ́ pé kò ra bọ́tà náà dáadáa. Kì í ṣe bọ́tà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣiríṣi ni wọ́n pín fùláwà sí lórí igbá. Èyí tí wọ́n kọ ‘plain flour’ sí lára, purotéènì rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 9 sí 11 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n kọ ‘strong bread flour’ sí lára máa ń tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Plain flour ni ọ̀dọ́bìnrin yìí rà. Fùláwà tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ ló tún fi àgbàdo dín kù. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó fi àgbàdo sílẹ̀, tàbí kó lọ ra fùláwà búrẹ́dì. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ ‘self-raising’ sí lára: bákìn páúdà ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, yóò wú nínú òróró, yóò sì mu òróró yó.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí bàsíà. Inú mílíìkì ni wọ́n ti ń yọ́ ṣúgà, kí wọ́n tó lu ẹyin sí i. Ẹni tó bá da ṣúgà sórí fùláwà ní gbígbẹ yóò rí ẹ̀san rẹ̀: hóró ṣúgà tí kò yọ́ ń jóná nínú òróró, yóò sì di ààmì dúdú dúdú lára ṣíńṣín. Nọ́tímẹ̀gì, wọ́n ń há a ni, lójú ẹsẹ̀, torí pé èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ike kì í ní òórùn gidi mọ́. Àwọn ilé kan ń lo ariwo dípò rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ èso igi tiwa. Òórùn rẹ̀ le jù, ìdajì rẹ̀ ti tó.

Wọ́n á da omi ẹyin àti mílíìkì yìí sí àárín fùláwà, wọ́n á kó o jọ títí yóò fi di ọ̀kan, wọ́n á sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Kò sí pípò kíkankíkan níbí; ẹni tó fẹ́ fi agbára hàn, kó lọ gún iyán. Bó bá gbẹ jù, omi ṣíbí kan tàbí méjì. Bí Iléyá bá bọ́ sí ìgbà òjò, bó ṣe rí láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, fùláwà ti fa omi díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, Màmá kì í sì í da gbogbo mílíìkì sí i tán. Lẹ́yìn náà wọ́n á da aṣọ bò ó fún bíi ìdajì wákàtí. Okùn glúténì tó ti le á dẹ̀ ní àsìkò yìí, á sì rọrùn láti tẹ́.

Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò òfìfo ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ, lórí tábìlì tí wọ́n bu fùláwà sí. Kó nípọn tó ìdámẹ́rin ínṣì. Wọ́n á fi ọ̀bẹ là á ní tẹẹrẹ tẹẹrẹ, wọ́n á tún dábùú rẹ̀, kó di ẹyọ kéékèèké tó fẹ̀ tó ìdajì ínṣì. Ibí ni gbogbo ilé ti ń jókòó yí tábìlì ká, ibí náà ni ìròyìn ọdún kan ti ń jáde: ta ló bímọ, ta ló kọ́lé tí kò pe ẹnikẹ́ni, ta ni Màmá kò fẹ́ kó wá sílé òun lọ́dún yìí. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró. Àwọn ọmọdé ń gé tiwọn ní ìrísí tó wù wọ́n, Màmá sì ń fi ọgbọ́n kó o sọ́tọ̀, kì í ṣe torí pé kò lẹ́wà. Inú òróró kan náà, ẹyọ kékeré á ti jóná kí ẹyọ ńlá tó jinná. Ti àwọn ọmọdé ni wọ́n ń dín kẹ́yìn, àwọn náà ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́.

Kí ẹyọ kankan tó wọ agbada, inú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á gbọ̀n ọ́n títí fùláwà ara rẹ̀ á fi já sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe èyí. Fùláwà tó bá bá ṣíńṣín wọ inú òróró á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀, á jóná, òróró á sì dúdú kí wọ́n tó dín ìdajì. Tí ẹ bá rí ṣíńṣín tí ìdajì rẹ̀ pọ́n dáadáa, tí ìdajì rẹ̀ sì dúdú, tó tún ń korò díẹ̀ lẹ́nu, ẹ mọ̀ pé ẹni tó dín in kò gbọ̀n ọ́n.

Òróró gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ṣíńṣín lè máa léfòó. Ooru tó yẹ ẹ wà láàárín 170 sí 180 °C fún ẹni tó ní òṣùwọ̀n ooru. Màmá kò ní in, wọn ò sì nílò rẹ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n ń jù sí i. Bó bá rì tó jókòó síbẹ̀, òróró kò tíì gbóná, èyí tí wọ́n bá sì dà sí i yóò mu òróró. Bó bá léfòó lójú ẹsẹ̀ tó sì pọ́n kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti gbóná jù, ara rẹ̀ á jóná, inú rẹ̀ á wà ní tútù. Èyí tó rì díẹ̀, tó wá rọra ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ìfófó kéékèèké yí i ká, òun ni wọ́n ń dúró dè. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe gbogbo ọpọ́n. Ìyẹ̀fun tútù tó bá pọ̀ ń pa ooru òróró. Màmá fẹ́ràn iná gáàsì fún èyí ju igi lọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn tó ń sọ pé ti iná igi dùn jù, àwọn kọ́ ló ń jókòó ti èéfín.

Ṣíbí oníhò kò gbọdọ̀ kúrò nínú agbada. Wọ́n ń rò ó láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ, kí ìhà gbogbo lè pọ́n dọ́gba. Kó tó dé àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń kó o jáde, torí pé ooru tó wà nínú rẹ̀ kò ní ṣíwọ́ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, yóò ṣì máa pọ́n sí i nínú kọ̀ǹkọ̀sọ̀. Ẹni tó bá dúró kó pọ́n tán nínú òróró, dúdú ni yóò bá lórí àtẹ́. Bó bá ṣì rọ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n kó o jáde, kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó bá tutù ló ń le.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́ ni kíkó o pamọ́. Ara àwọn èèyàn kì í balẹ̀, wọ́n á kó o sínú ike nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á sì dé e. Oru rẹ̀ á di omi lára ọmọrí, omi á kán padà, gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Orí bébà ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sí títí yóò fi tutù pátápátá, bó tilẹ̀ di òru. Lẹ́yìn èyí, ike tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé. Bó bá rọ̀ lásìkò òjò, ààrò tí kò gbóná púpọ̀, bíi 150 °C, yóò dá a padà sípò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo ti gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ bá agolo Màmá, pẹ̀lú àṣẹ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Fùláwà agolo mẹ́wàá jẹ́ bíi gíráàmù 900, ìyẹ̀fun àgbàdo 100, ṣúgà 200, bọ́tà 200, mílíìkì olómi 160. Ẹyin mẹ́ta tí kò tóbi jù, nọ́tímẹ̀gì kan, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, bákìn páúdà ìdajì rẹ̀. Ẹ̀yin náà tí ẹ bá ní ìyá tàbí àǹtí tó ń fi agolo wọn nǹkan, ẹ bá wọn wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá lọ sílé lọ́dún yìí, kí ẹ sì béèrè ìdí tí nǹkan kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Lóńdọ̀nù tó fẹ́ fi plain flour dín èyí tí mo kọ yìí, kó jọ̀wọ́ yọ àgbàdo kúrò, kó fi gíráàmù 100 fùláwà dípò rẹ̀.